Bí a ṣe ń dá aago abẹ́ omi àwọn ológun àtijọ́ mọ̀: ìtọ́sọ́nà láti Ògbómọ̀ṣọ́

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, màmá àgbà kan ládùúgbò wa, lápá Sábó níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ń palẹ̀ ẹrù ọkọ wọn tó ti di olóògbé mọ́. Inú agolo mílíìkì kan tí òórùn káńfọ̀ ti gbà ni wọ́n ti yọ aago ọwọ́ kékeré kan jáde, awọ okùn rẹ̀ ti gbẹ bíi panla. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní aago àwọn ṣọ́jà tó ń wọ abẹ́ òkun nìyí o. Bàbá ọkọ mi ló gbé e ti Bọ́mà bọ̀. Ẹnì kan láti Ìbàdàn sì ti ní òun máa rà á. Ṣé kí n tà á?"

Mo dojú aago náà dé, mo tan iná fóònù sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àmì ọfà kan wà níbẹ̀ tó kọrí sókè, lẹ́tà A.T.P. wà pẹ̀lú rẹ̀, nọ́ńbà sì tẹ̀ lé e. Mo yí ojú rẹ̀ padà: ọwọ́ kékeré tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá dá wà nínú òbìrí tirẹ̀ lápá 6. Aago ológun ni lóòótọ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ṣùgbọ́n ti ọmọ ogun orí ilẹ̀ ni, ohun tí A.T.P. yẹn ń sọ nìyẹn, kì í ṣe ti abẹ́ omi. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún màmá, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì tà á fẹ́nikẹ́ni.

Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé màá kọ ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ kì í jókòó sójú kan. Òkè Ọya, Gáná kí ìjọba ibẹ̀ tó ní kí àlejò máa lọ ní 1969, Lọ́ńdọ̀nù, Rọ́ṣíà, ọkọ̀ òkun: gbogbo ibẹ̀ la ti gbé ẹrù bọ̀ wálé, aago sì wà nínú ẹrù. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà nínú agolo àti àpótí báyìí, àwọn tó jogún wọn kò sì mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú èyí tí ẹ ń wá

Oríṣi mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni aago tí ìjọba rà, tó kọ nọ́ńbà sí, tó fi lé ọmọ ogun lọ́wọ́, tó sì ń gbà padà. Èyí ló wọ́n jù, òun náà sì ni ayédèrú rẹ̀ pọ̀ jù. Ìkejì ni irú aago kan náà tí iléeṣẹ́ tà fún gbogbo ayé. Ìkẹta ni èyí tí ṣọ́jà fi owó ara rẹ̀ rà, bíi Seiko 6105 tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Amẹ́ríkà wọ̀ jagun ní Vietnam. Ìjọba kọ́ ló fún wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá fi nọ́ńbà ìjọba Amẹ́ríkà han yín lẹ́yìn Seiko 6105, ẹ rọra dá a padà fún un.

Àwọn orúkọ tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kò pọ̀. Ní Ítálì, Panerai ti ìlú Florence ló ń pèsè aago fún àwọn ọmọ ogun abẹ́ omi láti 1936. Rolex ló bá a ṣe ara rẹ̀, 47 mìlímítà ni fífẹ̀ rẹ̀, ó sì rí bíi tìmùtìmù. Ní 1956, Panerai ṣe ọ̀kan tó fẹ̀ tó 60 mìlímítà fún ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Íjíbítì, nítorí náà kò yẹ kí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ Yúróòpù nìkan ni èyí. Ní Faransé, Robert Maloubier àti Claude Riffaud tí wọ́n dá ẹgbẹ́ òmùwẹ̀ ológun sílẹ̀ ń wá aago tó ní ojú dúdú, nọ́ńbà tó ń tàn, àti òrùka tó ń yí létí ojú rẹ̀. Blancpain ló ṣe é fún wọn ní 1953, ó pè é ní Fifty Fathoms. Fathom jẹ́ ìwọ̀n àwọn atukọ̀, 50 rẹ̀ sì tó nǹkan bíi 91 mítà. Ọdún yẹn náà ni Rolex Submariner jáde.

Àwọn ọmọ ogun ojú omi Faransé tún lo Tudor fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gẹ̀ẹ́sì lo Rolex, ó lo Omega Seamaster 300, lẹ́yìn náà ló bọ́ sọ́wọ́ CWC, iléeṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972. Amẹ́ríkà lo Tornek-Rayville, tí kì í ṣe nǹkan míì ju Blancpain tó yí orúkọ padà. Láti 1972 sí 1980, ó lo Benrus. Soviet ní Vostok Amphibia láti 1967. Màá padà sórí èyí tó kẹ́yìn yìí, torí òun ló ṣeé ṣe kẹ́ ẹ bá pàdé níbí.

Ìgbésẹ̀ kejì: irinṣẹ́

Awò kékeré tí alágo ń fi sójú, tọ́ọ̀ṣì, rúlà tó ní mìlímítà, fóònù tó ń ya àwòrán dáadáa, àti ìwé àkọsílẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa lo ìwé yẹn gan-an. Orí mi ti tàn mí jẹ rí lórí nọ́ńbà tí mo rò pé mo rántí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀

Ẹ̀yìn aago ni ìwé ìbí rẹ̀ wà. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni màá fi ṣàpẹẹrẹ, torí òun ló kún jù.

Ẹ ó kọ́kọ́ rí àmì ọfà náà, èyí tó ń sọ pé ìjọba ló ni ohun yìí. Lẹ́yìn ìyẹn ni àmì ẹ̀ka iṣẹ́ ológun: 0552 jẹ́ ti ojú omi, W10 ti orí ilẹ̀, 6BB ti òfurufú. Lẹ́yìn 0552 tàbí W10 lórí aago abẹ́ omi àwọn ọdún 1960 àti 1970, ẹ ó rí 923-7697.

Nọ́ńbà yìí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ẹ ó rí i lẹ́yìn Rolex, ẹ ó tún rí i lẹ́yìn Omega, ẹnì kan á sì ní ọ̀kan jí ti èkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà irú ohun èlò ni, bí ìgbà tí ẹni tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ bá fi nọ́ńbà kan ṣoṣo kọ gbogbo ṣọ́bìrì sílẹ̀, láìwo ẹni tó rọ ọ́. Ìlà tó tẹ̀ lé e ló jẹ́ ti aago yẹn gan-an: nọ́ńbà tirẹ̀, ìlà dídagun, àti ọdún. Bí ìparí rẹ̀ bá jẹ́ /67, 1967 ni wọ́n fi lé ológun lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ /75, 1975 ni. Nítorí náà, bí ara aago bá jẹ́ irú èyí tí iléeṣẹ́ kò tíì máa ṣe lọ́dún yẹn, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Lẹ́yìn ìgbà náà, nọ́ńbà gígùn ti NATO ló gba ipò. 6645 ló máa bẹ̀rẹ̀, èyí túmọ̀ sí aago. Nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti orílẹ̀-èdè: 99 ni Gẹ̀ẹ́sì, 12 ni Jámánì, 14 ni Faransé, 00 tàbí 01 ni Amẹ́ríkà. Ẹ kọ èyí sí ẹ̀yìn ìwé yín. Ti Tudor àwọn Faransé rọrùn: M.N., lẹ́yìn náà nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn ọdún. Lẹ́yìn Benrus, ẹ wá MIL-W-50717 àti oṣù pẹ̀lú ọdún tí wọ́n ṣe é.

Ìfín tún wà láti yẹ̀ wò, torí ẹni tó bá ní irinṣẹ́ lè fín ohunkóhun sára irin lóru ọjọ́ kan. Ẹ fi awò sójú, ẹ dẹ tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè ju òjìji. Ẹ wá ibi tí ìfarapa ara irin àti lẹ́tà ti pàdé. Lórí ìfín àtijọ́, ìfarapa á gba orí lẹ́tà kọjá, torí lẹ́tà ló ti wà níbẹ̀ kí ìfarapa tó dé. Etí lẹ́tà á ti rọ̀, ìdọ̀tí inú rẹ̀ á sì dúdú bíi ti ibi kọ́lọ́fín míì lára aago. Lórí ìfín àná, lẹ́tà ló máa gé ìfarapa sí méjì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa dán, etí rẹ̀ á mú bí abẹ. Mo ti jókòó sídìí ọ̀kan ṣoṣo fún wákàtí kan gbáko, lórí lẹ́tà W kan, kí n tó dá a padà. Àmọ́ ẹ má fi ti pé ìfín kò gún régé ṣe ẹ̀rí ayédèrú o. Ọwọ́ ni wọ́n fi fín àwọn kan lára ti Faransé, ó sì hàn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ojú rẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀

Nínú òkùnkùn abẹ́ omi, aago tí kò tàn kò wúlò, ìdí nìyí tí ọ̀dà tó ń tàn fi jẹ́ ẹlẹ́rìí tó dára. Radium, èròjà tó ń tú ìtànṣán tó léwu jáde, ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, títí wọ inú àwọn ọdún 1960. Lẹ́yìn náà ni tritium tí kò léwu tó o gba ipò rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì á kọ T sínú òbìrí kékeré lójú aago láti sọ pé tritium ni. Àwọn ará Jámánì á kọ 3H. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni ọ̀dà tí kò ní ìtànṣán kankan, tó jẹ́ pé iná ló ń mu kó tó tàn, ti gbòde.

Ìdánwò kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ dúró di alẹ́ tí iná bá lọ. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú aago fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá pa á. Tritium máa ń dín sí ìlàjì ní gbogbo ọdún 12 àti díẹ̀. Aago 1972 ti rí ìlàjì mẹ́rin báyìí, ohun tó kù níbẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún lọ. Ó lè tàn fírí, kó kú. Bó bá ń tàn yanranyanran di ìdájí, tó tún ní T nínú òbìrí, ẹnì kan ti tún ọ̀dà rẹ̀ kùn tàbí kó pààrọ̀ ojú rẹ̀. Ẹ tún wo àwọ̀: ọ̀dà ọwọ́ aago àti ti ojú aago yẹ kó jọ darúgbó. Bí ti ojú bá ti di àwọ̀ oyin, tí ti ọwọ́ ṣì funfun bí ẹ̀kọ, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Radium kò jọ tritium. 1,600 ọdún ló máa fi dín sí ìlàjì. Aago radium tí kò tàn mọ́, ọ̀dà rẹ̀ ló kú, ìtànṣán rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má ṣí i fúnra yín, ẹ má ha á, ẹ má fẹ́ ẹnu sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré. Eruku rẹ̀ tó bá wọ ara ni ewu. Ẹ gbé e sínú ọ̀rá tó ní ìdè, kó jìnnà sí ibi tí ẹ ń sùn, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín.

Ní ti ọwọ́ aago: Rolex àti Omega àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ní ọwọ́ tó gbòòrò bí idà, ti Rolex sì yàtọ̀ sí ti èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà. Omega yẹn tún ní onígun mẹ́ta ńlá ní orí 12. Òrùka Rolex ológun àwọn ọdún 1970 ní ìlà fún gbogbo ìṣẹ́jú 60 yí ká, nígbà tí ti ọjà kò ní ju ìlà 15 àkọ́kọ́ lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ara irin

Ẹ wo ibi tí okùn ti wọlé. Lórí aago ọjà, ọ̀pá kékeré tó ní sípíríìnì ló di okùn mú, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ kó jáde. Lórí ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n jó ọ̀pá irin mọ́ ara rẹ̀ pátápátá, kí aago má baà já bọ́ lọ́wọ́ òmùwẹ̀. Okùn aṣọ gígùn kan ṣoṣo ló máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ fi awò wo ìdí ọ̀pá náà: ojú jíjó àtijọ́ máa ń mọ́, ó sì máa ń dọ́gba. Bí ẹ bá rí ihò tí wọ́n dí, tàbí irin tó yọ́ bí àbẹ́là, ọwọ́ ẹnì kan ti wọ ibẹ̀.

Ibi tó ń dùn mí jù ni mo dé yìí. Aago abẹ́ omi àkọ́kọ́ tí mo ní, Seiko 6309, mo gbé e lọ fún ẹni tó ń tún aago ṣe pé kó bá mi fọ inú rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, ó ń dán bíi digí. Etí rẹ̀ tó mú tẹ́lẹ̀ ti di róbótó bí ọṣẹ tí wọ́n lò. Ọ̀dà ojú rẹ̀ tó ti di àwọ̀ oyin ti kúrò, àwọ̀ ewé tuntun ló wà níbẹ̀. Ìdùnnú ló fi gbé e lé mi lọ́wọ́, ohun tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ fún ló ṣe fún mi, kò sì gba owó lórí rẹ̀. N kò lè bá a jà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ti ha kúrò lára irin kì í padà.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń sọ báyìí kí n tó gbé aago kalẹ̀ rèé, ẹ lè lò ó bó ṣe wà: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán ara rẹ̀, ẹ má kun ojú rẹ̀, ẹ má pààrọ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì nìkan ni kí ẹ fọ̀, kí ẹ fi epo sí. Gbogbo ohun tí ẹ bá yọ, bó ti wù kó bàjẹ́ tó, ẹ bá mi kó o sínú ọ̀rá." Màá kọ ọ́ sínú bébà, màá fi rọ́bà dè é mọ́ aago náà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: inú rẹ̀

Alágo tó mọṣẹ́ ni kó ṣí i. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ bá irú aago mu: Omega ológun tí nọ́ńbà irú rẹ̀ jẹ́ 165.024 gbọ́dọ̀ ní ẹ́ńjìnnì 552 nínú. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, torí àwọn kan ti kó ẹ̀yà Omega tó jẹ́ ojúlówó jọ, wọ́n fi to aago tí kò fìgbà kan dé ọwọ́ ológun. Ohun gbogbo nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́, aago náà fúnra rẹ̀ ni irọ́. Ìdí nìyí tí n kì í fi gba ẹ̀rí kan ṣoṣo. Ẹ̀yìn, ojú, ọ̀dà, ọ̀pá okùn, ẹ́ńjìnnì: márààrún gbọ́dọ̀ sọ ìtàn kan náà, kí ọjọ́ orí wọn sì dọ́gba.

Benrus kò ní ẹ̀yìn tó ń ṣí. Iwájú ni wọ́n ti ń wọ inú rẹ̀. Ẹ sọ fún alágo kó tó mú ọ̀bẹ, torí bó bá fi tipátipá wá etí ẹ̀yìn, yóò ba ìwé ìbí aago náà jẹ́.

Ibi tí ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀ níbí

Rolex ológun kò ní jáde láti inú àwo alágo ní Takie. Ohun tí mo ti rí fúnra mi ni Seiko àti Amphibia.

Amphibia tèmi, ẹ̀bá ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni mo ti rí i. Kò yà mí lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló kàwé ní Soviet, àwọn ará Soviet náà sì wá ṣiṣẹ́ iléeṣẹ́ irin Àjàòkúta. Alágo tó ń tà á ní ó ti bàjẹ́, nítorí pé bí èèyàn bá tú orí tí wọ́n fi ń yí i, ṣe ló ń mì jẹ́gẹ́jẹ̀gẹ̀ bí eyín ọmọdé. Mo rà á lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe gbogbo Amphibia nìyẹn, kí orí náà má baà ti ọ̀pá inú bí wọ́n bá dì í. Ẹ̀yìn rẹ̀ tún jẹ́ ọgbọ́n gidi: àwo irin pẹlẹbẹ kan ló jókòó lórí rọ́bà tó nípọn, òrùka oníwíwé sì dì í mú. Bí aago bá ṣe ń jìn sínú omi tó, bẹ́ẹ̀ ni omi fúnra rẹ̀ ń ti àwo náà mọ́ rọ́bà. Pẹ̀lú ìyẹn, 200 mítà kò tó nǹkan fún un. Bí ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ bá kọ "Сделано в СССР", ìyẹn "Soviet ni wọ́n ti ṣe é", ó ti wà kí Soviet tó tú ká ní 1991. Àkọlé "Заказ МО СССР" ń sọ pé Iléeṣẹ́ Ààbò ló ní kí wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n ta irú rẹ̀ fún aráàlú náà, nítorí náà ẹ má sanwó púpọ̀ lórí àkọlé yẹn.

Ní ti Seiko, ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀yìn. Àmì àkọ́kọ́ ni ọdún, ìkejì ni oṣù. O, N àti D dúró fún oṣù kẹwàá, ìkọkànlá àti ìkejìlá. Kò sọ ẹ̀wádún tó jẹ́. Ká ní 6309-7040 kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7N: oṣù kọkànlá ni, 1977 tàbí 1987, torí pé láti 1976 sí 1988 ni wọ́n fi ṣe irú yẹn. Lójú aago, ẹ wá lẹ́tà tín-tìn-tín nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ 6. Ó yẹ kí 6309 wà níbẹ̀. Ojú ayédèrú ti pọ̀ fún aago yìí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti máa ń fò ó tàbí kí lẹ́tà rẹ̀ wú bíi pé omi ta sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á

Ẹ bèèrè ìtàn kí ẹ tó bèèrè owó. Ta ló ni ín? Ibo ló ti ṣiṣẹ́? Ṣé fọ́tò rẹ̀ wà tí aago náà wà lọ́wọ́ rẹ̀? Fọ́tò bẹ́ẹ̀, tàbí ìwé ìfẹ̀yìntì, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ ya àwòrán rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹrù olóògbé, ẹ rí i pé àwọn ọmọ gbọ́ sí i, ẹ kọ ìwé, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i. Ẹ sì sọ òótọ́ ohun tí ẹ rò pé ó tó fún ẹni tó ń tà. N kò lè rí opó kí n fi àìmọ̀ rẹ̀ gba aago lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé, ẹ má fi aago àtijọ́ wọ omi, ohun yòówù tó bá kọ sára. Rọ́bà rẹ̀ ti gbó. Ẹ fi pamọ́ fún eruku ọyẹ́, ẹ má gbé e sórí fèrèsé tí oòrùn ń pa, ẹ sì má fi í sínú káńfọ̀.

Màmá wa ní Sábó kò tà á. Mo bá wọn yọ ọ́ kúrò nínú agolo káńfọ̀, mo di í sínú ọ̀rá, torí pé aago ìgbà yẹn kò ní ṣàìní radium lójú. Ọmọ ọmọ wọn kọ A.T.P. àti nọ́ńbà náà sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ bàbá àgbà, ó sì fi fọ́tò kan tì í, níbi tí bàbá ti dúró nínú aṣọ ṣọ́jà, apá òsì wọn ká díẹ̀, tí ojú aago náà sì hàn.